Ọ̀rọ̀ Burúkú Tòun Tẹ̀rín: Ọwọ́ Tí Àwọn Òǹwòran Fi Mú Eré Tẹlifíṣọ̀n This Is Going to Hurt àti Ẹ̀kọ́ Tó Wà Níbẹ̀ fún Olùkọ́

Àṣamọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ṣàlàyé ìdí tí àwọn òǹwòran fi yapa lórí This Is Going to Hurt, eré tẹlifíṣọ̀n tí BBC gbé jáde ní ọdún 2022 nípa àwọn dókítà tó ń gbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn kan yìn ín pé òtítọ́ pọ́ńbélé ni. Àwọn kan ní ó tàbùkù àwọn aboyún. Èrò wa ni pé ìyapa yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ta ló parọ́ àti ta ló sọ òótọ́. Ibi tí olúkúlùkù ti dúró rí nínú yàrá ìgbẹ̀bí, kí ó tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ló pinnu ohun tí ó rí. A lo èrò Stuart Hall lórí bí òǹwòran ṣe ń túmọ̀ eré, a sì fi eré kan láti Gúúsù Kòríà gbe ọ̀rọ̀ wa lẹ́sẹ̀. Ní ìparí, a dábàá ọ̀nà tí olùkọ́ lè gbà lo irú eré bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì láì ṣí egbò akẹ́kọ̀ọ́ kankan.

Ìfáárà

Nígbà tí aboyún bá wà láàárín àwa Yorùbá, àdúrà tí a máa ń ṣe fún un ni pé a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Àdúrà kúkúrú ni, ṣùgbọ́n òye inú rẹ̀ jinlẹ̀. Ó fi hàn pé ohùn méjì ni gbogbo ilé ń dúró dè ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Bí a bá gbọ́ ọ̀kan tí a kò gbọ́ èkejì, ayọ̀ kò pé. Kò sí ẹni tó ń gbàdúrà pé kí a gbóhùn agbẹ̀bí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó ṣe é láṣeyọrí, kí ó fọwọ́, kí ó sì máa lọ.

Ní ọdún 2022, eré kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbé ohùn ẹni kẹta yìí síwájú. Dókítà tó ń gbẹ̀bí ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó ń pa wá lẹ́rìn-ín, ó ń ráhùn, ó ń ṣe àṣìṣe, ó sì ń sunkún. Àwọn tó wò ó kò gbà á bákan náà. Bí àwọn dókítà ṣe ń sọ pé ẹnì kan ti bá àwọn sọ ohun tó wà lọ́kàn àwọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá kan ń béèrè pé níbo ni ohùn tiwọn wà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́. Fíìmù àti eré tẹlifíṣọ̀n ti di ohun èlò ìkọ́ni ní kíláàsì èdè, lítíréṣọ̀, ẹ̀kọ́ ìlera àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ. Síbẹ̀, ìbéèrè tí a sábà máa ń bi akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá wò ó tán kò ju pé: ẹ̀kọ́ wo ni eré yìí kọ́ wa? Ìbéèrè náà gbà pé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, àti pé gbogbo ojú ló rí i bákan náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí This Is Going to Hurt fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Eré náà àti ẹni tó kọ ọ́

Adam Kay ló kọ eré yìí. Dókítà ni òun fúnra rẹ̀ kí ó tó di òǹkọ̀wé. Láti ọdún 2004 títí di 2010 ni ó fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀ka ìgbẹ̀bí àti ìtọ́jú àìsàn obìnrin ni ó sì yàn láàyò. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lẹ́yìn ìgbẹ̀bí kan tí ó forí ṣánpọ́n, tí ọmọ kú níbẹ̀. Ní gbogbo àkókò tó fi wà lẹ́nu iṣẹ́, ó máa ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ yìí ló di ìwé ní ọdún 2017, òun náà ló sì sọ ìwé ọ̀hún di eré alápá méje tí ó bẹ̀rẹ̀ lórí BBC ní ọjọ́ 8, oṣù Kejì, ọdún 2022.

Ọdún 2006 ni ìtàn inú eré náà wáyé. Ben Whishaw ló ṣe Adam, olú-ẹ̀dá ìtàn. Ambika Mod ló ṣe Shruti, dókítà tó kéré sí Adam lẹ́nu iṣẹ́. Michele Austin, òṣèré adúláwọ̀, ló ṣe Tracy, àgbà agbẹ̀bí tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá. Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, a bá Adam nínú mọ́tò rẹ̀ ní ọgbà ilé ìwòsàn. Iṣẹ́ ti rẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè wa mọ́tò lọ sílé, ibẹ̀ ni oorun gbé e lọ. Kò tíì jí dáadáa tí iṣẹ́ mìíràn fi bẹ̀rẹ̀.

Ìṣẹ̀lẹ̀ méjì ló di eré yìí mú. Èkíní ni ti aboyún kan tó wá sọ́dọ̀ Adam pé ara òun kò dá. Adam tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn kò ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí, ó ní kí ó máa lọ sílé. Ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ló ń bá obìnrin náà jà. Nígbà tó padà dé, iṣẹ́ abẹ nìkan ló kù tí wọ́n lè ṣe, ọmọ náà sì dé ayé nígbà tí oyún ṣì wà ní ọ̀sẹ̀ 25. Àṣìṣe yìí àti ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan Adam lórí rẹ̀ ló ń lé e kiri títí eré fi parí. Èkejì ni ti Shruti. Ó ń tọ́jú aboyún, ó ń kàwé fún ìdánwò, ó ń fara da ìbínú àwọn ọ̀gá, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè bóyá ó rọrùn fún un. Ní apá kẹfà, Shruti gbẹ̀mí ara rẹ̀.

Ohun kan wà nínú ìgbékalẹ̀ eré yìí tí a gbọ́dọ̀ tọ́ka sí, nítorí pé òun ni gbogbo àlàyé wa dúró lé. Láàárín iṣẹ́, Adam máa ń yíjú sí kámẹ́rà, a sì bá àwa òǹwòran sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ yẹ̀yẹ́ ni yóò fi aláìsàn tó wà níwájú rẹ̀ ṣe, ó sì lè jẹ́ àárẹ̀ ni yóò sọ fún wa. Aboyún tó dùbúlẹ̀ kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Àwa nìkan ló gbọ́. A kò fún aboyún ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ láti fi ojú tirẹ̀ wò wá kí ó sì sọ tinú rẹ̀.

Ohun tí àwọn òǹwòran sọ

A lè pín ọ̀rọ̀ àwọn òǹwòran sí ọ̀nà mẹ́ta.

Àwọn àkọ́kọ́ ni òṣìṣẹ́ ìlera. Púpọ̀ nínú wọn sọ pé kò tíì sí eré tó fi iṣẹ́ àwọn hàn tó báyìí. Wọ́n tọ́ka sí ìgbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ di òwúrọ̀, sí ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ tí wọn kò lè lọ, sí aago ìpè tó ń dún lójú oorun, àti sí ẹ̀rín tí wọ́n ń fi bo ẹkún mọ́lẹ̀. Nínú wọn, a rí àwọn tó sọ pé àwọn kò lè wò ó parí. Wọn kò sọ pé kò dára. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ó jọ ohun tí àwọn fẹ́ gbàgbé jù.

Àwọn kejì ni àwọn obìnrin tí ojú wọn ti rí màbo lórí ìkúnlẹ̀, pẹ̀lú àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aboyún. Wọ́n ní àwọn kò rí ara àwọn nínú eré náà bí ènìyàn. Ara tí a ń gé, ẹ̀jẹ̀ tí ń dà, obìnrin tó ń béèrè ìbéèrè tí dókítà ń fi rẹ́rìn-ín, ìwọ̀nyí ni wọ́n rí. Àwọn kan lò ó débi pé wọ́n ní eré náà kórìíra obìnrin. Àwọn kan ní ó yẹ kí ìkìlọ̀ tó lágbára ṣáájú rẹ̀, nítorí ìran iṣẹ́ abẹ inú rẹ̀ dá àwọn padà sórí ibùsùn tí àwọn kò fẹ́ rántí mọ́.

Àwọn kẹta ni òǹwòran tí kì í ṣe dókítà, tí kì í sì í ṣe ẹni tí ìkúnlẹ̀ kó sí wàhálà. Èrò àwọn wọ̀nyí ni pé Adam kì í ṣe ẹni tí òǹkọ̀wé fẹ́ kí a fara wé. Wọ́n ní eré náà fúnra rẹ̀ ló dá Adam lẹ́bi: òun ló ṣe àṣìṣe, òun ló fi ọ̀rọ̀ líle dá Shruti lágara, òun ló kọ̀ láti gbọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín ní apá kìíní, ẹ̀rín náà sì di ẹkún ní apá kẹfà.

Àwọn adájọ́ ẹ̀bùn fi ọwọ́ sí iṣẹ́ náà. Ní ọdún 2023, Ben Whishaw gba ẹ̀bùn BAFTA fún ipa rẹ̀, Adam Kay náà sì gba ti òǹkọ̀wé. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn kò parí àríyànjiyàn. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín ni. Ẹni tí ọ̀rọ̀ burúkú náà ṣẹlẹ̀ sí kì í sábà ní ẹ̀rín lẹ́nu.

Stuart Hall àti ọ̀nà mẹ́ta tí òǹwòran ń gbà túmọ̀ eré

Stuart Hall, ọmọ Jàmáíkà tó di ọ̀mọ̀wé ńlá ní Yunifásítì Birmingham, kọ iṣẹ́ kan ní ọdún 1973 lórí bí tẹlifíṣọ̀n ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ṣáájú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé rò pé bí a ti ń da omi sínú ìgò ni tẹlifíṣọ̀n ṣe ń da èrò sí ọkàn òǹwòran. Hall ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣe eré di ìtumọ̀ sínú rẹ̀ bí ẹni di ẹrù. Òǹwòran ni yóò tú ẹrù náà fúnra rẹ̀, ohun tó ti wà ní ilé rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni yóò sì pinnu ibi tí yóò to àwọn nǹkan náà sí.

Ọ̀nà mẹ́ta ni Hall sọ pé ènìyàn lè gbà tú u. Ó lè gbà á bí wọ́n ti gbé e kalẹ̀. Ó lè gba apá kan kí ó sì fi tirẹ̀ tún apá kejì ṣe. Ó sì lè rí ohun tí wọ́n fẹ́ kí ó gbà, kí ó kọ̀ ọ́ jálẹ̀, kí ó fún un ní ìtumọ̀ mìíràn pátápátá. Bí a bá fi èyí wo àwọn òǹwòran wa, ó rọrùn láti sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ló gbà á bó ti wà, àwọn ará ìta ló gba apá kan, àwọn ìyá tó bínú ló kọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n a ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ náà kò dúró lójú kan bẹ́ẹ̀. Dókítà tó sọ pé òun kò lè wò ó parí gba eré náà gbọ́ ju gbogbo ènìyàn lọ, òun náà ló sì pa tẹlifíṣọ̀n. Ìyá tó kọ̀ ọ́ kò sọ pé irọ́ ni. Ohun tó ń sọ ni pé òtítọ́ ni, pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni dókítà ṣe rẹ́rìn-ín lórí òun, àti pé ìdí nìyẹn tí kò fi pa òun lẹ́rìn-ín. Nítorí náà, ìbéèrè bóyá eré jọ òótọ́ kò lè yanjú aáwọ̀ yìí. Àwọn méjèèjì gbà pé ó jọ òótọ́. Ibi tí wọ́n wà nígbà tí òótọ́ náà ṣẹlẹ̀ ló yàtọ̀: ọ̀kan dúró lẹ́bàá ibùsùn, èkejì wà lórí rẹ̀.

Ohun tí òǹwòran gbé wá láti ilé

Bí a bá fẹ́ mọ ìdí tí ohùn àwọn ìyá fi le tó bẹ́ẹ̀, a ní láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àkókò náà. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹta, ọdún 2022, tí kò tíì tó oṣù méjì tí eré náà bẹ̀rẹ̀, Donna Ockenden gbé àbájáde ìwádìí rẹ̀ jáde lórí ìtọ́jú aboyún ní àwọn ilé ìwòsàn Shrewsbury àti Telford. Ìdílé 1,486 ni ìwádìí náà gbé ọ̀rọ̀ wọn yẹ̀ wò. Ó fi hàn pé ọmọ 201 àti ìyá 9 ni ó ṣeé ṣe kí wọ́n yè ká ní a tọ́jú wọn bó ti yẹ. Ohun kan tí ìwádìí náà tẹnu mọ́ ni pé àwọn ìyá sọ̀rọ̀, a kò fetí sí wọn. Ìwádìí yìí kò ṣàdédé bọ́ láti òfuurufú. Abala àkọ́kọ́ rẹ̀ ti jáde láti oṣù Kejìlá ọdún 2020, àwọn ìdílé náà sì ti ń ké tipẹ́ ṣáájú ìyẹn. Nítorí náà, nígbà tí obìnrin kan rí Adam tó ń rán aboyún lọ sílé láì fetí sí i, kì í ṣe eré lásán ló ń wò. Ìròyìn ló ń wò.

Ọ̀rọ̀ náà tún kan àwọn obìnrin tiwa tó ń gbé ibẹ̀. Ìròyìn tó jáde ní ọdún 2021 lórí ikú aboyún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé ewu ikú tó wà fún obìnrin adúláwọ̀ nígbà oyún àti lẹ́yìn ìbímọ ju ìlọ́po mẹ́rin ti obìnrin aláwọ̀ funfun lọ. Obìnrin Yorùbá tó ń gbé Peckham, tó mọ ìròyìn yìí, yóò fi ọkàn mìíràn wo eré nípa wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí ní Lọ́ńdọ̀nù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ní ibẹ̀, tó kúrò nílé nítorí àìrówóoṣù tó bá a dé ibi tí owó oṣù wà ṣùgbọ́n tí oorun kò sí. Ọmọ ìyá kan náà lè jókòó sórí àga kan náà kí wọ́n wo eré kan náà, kí ọ̀kan máa sọ pé ẹ wo bí wọ́n ṣe ń fi ìyà jẹ àwọn dókítà, kí èkejì máa sọ pé ẹ wo bí wọ́n ṣe ń fi ìyà jẹ àwa.

Àpẹẹrẹ láti Gúúsù Kòríà

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àwọn òǹwòran ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni èyí kàn, ẹ jẹ́ kí a wo eré kan tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ̀, nítorí pé àwọn eré Kòríà ti gba ojú àwọn ọ̀dọ́ wa. Resident Playbook dá lórí àwọn dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìkọ́ṣẹ́ ní ẹ̀ka ìgbẹ̀bí. Àárín ọdún 2024 ló yẹ kí ó jáde. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejì ọdún náà, ìjọba Gúúsù Kòríà kéde pé òun yóò fi 2,000 kún iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ń gbà lọ́dọọdún, tí ó jẹ́ 3,058 tẹ́lẹ̀. Inú àwọn dókítà kò dùn sí i. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tó wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn aláìsàn sì ń ti ilé ìwòsàn kan dé èkejì.

Lójú irú ìbínú bẹ́ẹ̀, ta ni yóò fẹ́ wo eré tó ń fi ìfẹ́ ṣàpèjúwe dókítà tó ń kọ́ṣẹ́? Wọ́n dá eré náà dúró títí di ọjọ́ 12, oṣù Kẹrin, ọdún 2025. Nígbà tó sì jáde, àwọn kan ṣì sọ pé kò rọrùn fún àwọn láti káàánú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn mìíràn gbádùn rẹ̀, iye àwọn tó ń wò ó sì pọ̀ sí i kí apá kejìlá tó kádìí rẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì sí wa ni pé nígbà tí ìbínú dé, kò sí ẹni tó tíì rí eré náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níta ló kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ènìyàn.

Àwa náà mọ irú rẹ̀. Láti ọjọ́ 2, oṣù Kẹjọ títí di ọjọ́ 4, oṣù Kẹwàá, ọdún 2021, àwọn dókítà tó wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba Nàìjíríà da iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí aláìsàn rẹ̀ wà nílé ní àkókò náà kò ní gbọ́ orúkọ dókítà bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tí kò gba owó oṣù ṣe ń gbọ́ ọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì tiwa

Àṣìṣe tiwa ló sún wa dé ìdí iṣẹ́ yìí. Nígbà tí a kọ́kọ́ fi apá kìíní This Is Going to Hurt han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE, èrò wa ni láti kọ́ wọn bí asọ̀tàn ṣe ń bá òǹwòran sọ̀rọ̀. A kò sọ ohun tí wọ́n fẹ́ rí fún wọn. A tan ẹ̀rọ, a jókòó. Wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa, nítorí pé ẹ̀rín inú ìpọ́njú kì í ṣe àjèjì sí ẹni tó ti wo Bàbá Sàlá rí. Láìpẹ́, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan dìde, ó jáde. A rò pé yóò padà. Kò padà.

Lọ́jọ́ kejì ló wá bá wa ní ọ́fíìsì. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí a má bínú pé òun jáde láìgbàṣẹ. Ó wá sọ pé ẹ̀gbọ́n òun obìnrin sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn kan lẹ́ẹ̀mejì pé orí ń fọ́ òun, pé ojú òun ń ṣú. Wọ́n ní àárẹ̀ oyún ni, kí ó lọ sinmi. Ilé náà kò gbóhùn ìyá, kò sì gbóhùn ọmọ. Ó ní nígbà tí kíláàsì ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí dókítà inú eré sọ, òun rò pé ẹ̀gbọ́n òun ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín.

Ó ń bẹ̀ wá. Àwa ló yẹ kí a bẹ̀ ẹ́, a sì bẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí a gbé ọ̀rọ̀ náà padà sí kíláàsì láì dárúkọ ẹnikẹ́ni, akẹ́kọ̀ọ́kùnrin kan tí ìyá rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì nawọ́. Ó ní nígbà mìíràn, ìyá òun àti ẹnì kan péré ni wọ́n ń tọ́jú gbogbo wọ́ọ̀dù láti alẹ́ mọ́jú, pé iná yóò lọ, wọn yóò sì máa fi iná fóònù gbẹ̀bí. Ó ní bí ìyá òun bá dé lówùúrọ̀, kì í lè sọ̀rọ̀. Kíláàsì dákẹ́. A rí i pé ohun tí Hall fi ìwé kọ ló jókòó síwájú wa lórí àga.

Ó sì yẹ kí a ti mọ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé fún ọdún 2020, nínú ọmọ 100,000 tí a bí láàyè ní Nàìjíríà, ìyá 1,047 ló kú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí 10 ni. Nǹkan bí ìyá 82,000 ni ó bá oyún àti ìbímọ lọ ní orílẹ̀-èdè wa ní ọdún yẹn nìkan. Olùkọ́ tó ní ogójì akẹ́kọ̀ọ́ níwájú ní Nàìjíríà kò gbọdọ̀ rò pé kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilé rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún tí Adam kò kà sí nínú eré wà lára ohun tó ń pa àwọn ìyá wa.

Àbá fún àwa olùkọ́

Láti inú ohun tí a ti sọ, a dábàá nǹkan márùn-ún.

Èkíní, kí a sọ ohun tó wà nínú eré fún kíláàsì kí a tó tan ẹ̀rọ. Kí a sọ ọ́ ní gbangba pé ìran iṣẹ́ abẹ, ikú ọmọ tàbí ikú òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀, kí a sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ jáde lè jáde láìgbàṣẹ, láìsí ìbéèrè. Kí iṣẹ́ mìíràn wà nílẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí máàkì rẹ̀ má baà dín.

Èkejì, kí a fi ìbéèrè mìíràn rọ́pò èyí tó ń béèrè ẹ̀kọ́ tí eré kọ́ wa. A rí i pé ìbéèrè mẹ́ta yìí ń ṣiṣẹ́ dáadáa: Ta ni kámẹ́rà jẹ́ kó bá wa sọ̀rọ̀? Ta ló wà nínú yàrá náà tí a kò gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀? Bí ẹni yẹn bá yíjú sí wa, kí ni yóò sọ? Ìbéèrè kẹta yìí dára fún iṣẹ́ àròkọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìran kan náà padà ní ohùn aboyún, kí ẹlòmíràn kọ ọ́ ní ohùn Tracy agbẹ̀bí.

Ẹ̀kẹta, kí a má fi ipá mú akẹ́kọ̀ọ́ sọ ìrírí ara rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ yóò sọ. Ìbéèrè nípa ẹ̀dá-ìtàn máa ń ṣí ilẹ̀kùn tó pọ̀ tó fún ẹni tó fẹ́ gbà á wọlé.

Ẹ̀kẹrin, kí a kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti ya òǹkọ̀wé sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀dá-ìtàn, kí a sì tún jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìyàtọ̀ yìí kò pa ẹnu òǹwòran mọ́. Lóòótọ́ ni pé eré náà dá Adam lẹ́bi. Lóòótọ́ náà ni pé ẹni tí a dá lẹ́bi yìí ni eré fún ní ọ̀rọ̀ sísọ jù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lè di méjèèjì mú lẹ́ẹ̀kan náà ti mọ bí a ṣe ń ka iṣẹ́ lítíréṣọ̀.

Ẹ̀karùn-ún, kí a pe òṣìṣẹ́ ìlera tó wà nítòsí wá sí kíláàsì lẹ́yìn eré, kí ó ṣàlàyé àmì ewu inú oyún: orí fífọ́ tí kò lọ, ojú ṣíṣú, ara wíwú, ẹ̀jẹ̀ dídà. Àwọn tí a ń kọ́ yóò di olùkọ́ ní abúlé àti ní ìlú. Bí wọ́n bá mọ àmì wọ̀nyí, tí wọ́n sì mọ̀ pé ó yẹ kí a fetí sí obìnrin tó bá sọ pé ara òun kò dá, eré ti ṣe ju eré lọ.

Àgbálọgbábọ̀

Àwọn àgbà sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nínú iṣẹ́ yìí, a ti gbìyànjú láti gbọ́ ẹjọ́ tọ̀tún tòsì. A ti rí i pé òtítọ́ wà lẹ́nu àwọn dókítà tó yin This Is Going to Hurt, òtítọ́ sì wà lẹ́nu àwọn ìyá tó bínú sí i. Ètò tó fi dókítà sílẹ̀ láìsùn náà ló fi aboyún sílẹ̀ láìgbọ́. Shruti àti ìyá tí Adam rán lọ sílé kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Ọwọ́ kan náà ló ba àwọn méjèèjì.

Èyí ni ohun tí òǹwòran tó bínú àti òǹwòran tó yìn ín ì bá rí, ká ní wọ́n jókòó sínú yàrá kan náà tí ẹnì kan sì ṣètò ọ̀rọ̀ láàárín wọn. Kíláàsì ni irú yàrá bẹ́ẹ̀, olùkọ́ sì ni irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin wa àti ọmọ nọ́ọ̀sì náà gbọ́ ara wọn tán, kò sí èyí tó yí èrò rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kọ iṣẹ́ àròkọ wọn, ọmọ nọ́ọ̀sì ló kọ ní ohùn aboyún.